Bí ẹ ṣe lè yan kíláàsì ìṣirò ipele kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọmọ tó wà ní háískùlù l'Amẹ́ríkà

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé l'Amẹ́ríkà, àárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta ni fọ́ọ̀mù yíyan kíláàsì ọdún tó ń bọ̀ máa ń jáde. Ọmọ lè má mẹ́nu bà á títí di alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n gbà á padà. Òbí á wá wo ìlà ìṣirò, á rí àwọn kíláàsì AP (Advanced Placement, ti àjọ College Board tó ń ṣe ìdánwò rẹ̀): Calculus AB, Calculus BC, Statistics àti Precalculus, á tún rí Dual Enrollment (kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọmọ ń ṣe láti háískùlù), bóyá IB (International Baccalaureate) náà, á ní, "Èwo ló le jù níbẹ̀? Òun ni kó o mú." A sì ń rí àbájáde rẹ̀: ọmọ tó ń gba A tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gba C, tàbí kó gba 5 (máàkì AP tó ga jù) nínú ìdánwò tí yunifásítì rẹ̀ kò ní fi ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ wá síwájú. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ọmọ fẹ́ lọ kà àti ohun tí yunifásítì ń gbà, kí ẹ wá wò ó bóyá algebra rẹ̀ lè gbé e débẹ̀. Ọmọ gíréèdì 8 sí 11 ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún. Ẹni tó ti wà ní gíréèdì 12 lè fò lọ sí ìgbésẹ̀ karùn-ún.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó jókòó

- Transcript ọmọ (ìwé àkọsílẹ̀ máàkì rẹ̀), pẹ̀lú máàkì ìdánwò inú kíláàsì rẹ̀ ti ọdún yìí. Lẹ́tà A nìkan kò tó. A tí iṣẹ́ àṣetiléwá gbé ga yàtọ̀ sí A tí ọmọ fi ìdánwò gbà.
- Ìwé àkójọ kíláàsì ti ilé-ìwé náà, èyí tó ń sọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ ti ṣe kó tó wọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ó sábà máa ń wà lórí ìkànnì ilé-ìwé tàbí ti district.
- Orúkọ yunifásítì mẹ́ta sí márùn-ún. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ivy League lẹ fojú sí.
- Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ méjì tí ọmọ fúnra rẹ̀ dárúkọ. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni mo wí o.
- Ímeèlì kọ́ńsẹ́lọ̀ rẹ̀ (olùdámọ̀ràn rẹ̀ ní ilé-ìwé).
- Ìwé, bírò, àti wákàtí kan tí fóònù kankan kò ní sí lórí tábìlì.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá ibi tí ọmọ dúró

Ẹsẹẹsẹ ni ìṣirò ń lọ níbí: Algebra I, Geometry, Algebra II, Precalculus, kó tó wá kan Calculus. Ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbà. Ọmọ tó ṣe Algebra I ní gíréèdì 8 máa bá Calculus ní gíréèdì 12 láìsáré rárá. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní gíréèdì 9 máa parí sí Precalculus, àfi tó bá ṣe méjì pọ̀ lọ́dún kan.

Tí ẹ bá fẹ́ kó ṣe méjì pọ̀, Geometry àti Algebra II ni kí ẹ so pọ̀, torí pé ẹ̀kọ́ ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ dúró lé èkejì. Precalculus ni kí ẹ má jẹ́ kó fò. Inú rẹ̀ ni trigonometry àti logarithm wà, ojoojúmọ́ ni Calculus sì ń lò wọ́n.

AP Precalculus, tí College Board bẹ̀rẹ̀ ní ọdún ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024, jẹ́ kíláàsì gidi, ó sì ń múra ọmọ sílẹ̀ fún Calculus. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọmọ tó ṣe é ti ṣe ìṣirò yunifásítì tán. Ní ẹ̀ka ẹnjiníà, orí Calculus ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ẹ̀yin ará California, ẹ ṣọ́ra fún kíláàsì data science tí àwọn ilé-ìwé kan ń fi rọ́pò Algebra II. Ní 2023, University of California sọ pé irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ kò lè dí àlàfo Algebra II mọ́ fún ẹni tó fẹ́ wọlé sọ́dọ̀ wọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kọ gíréèdì tí ọmọ wà títí dé 12 sórí ìwé, kí o kọ kíláàsì ìṣirò kan síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ìlà kankan bá ṣófo, tàbí kíláàsì tí ẹ kọ kò sí nínú ìwé ilé-ìwé yín, ẹ ò tíì parí ìgbésẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ dán algebra rẹ̀ wò

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ọmọ tó bá fìdí rẹmi nínú Calculus, algebra ló sábà máa ń dá a dúró. Ó lóye ohun tí olùkọ́ sọ nípa derivative, ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ṣùgbọ́n ìlà kẹta iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́, ìdáhùn kò sì lè bọ́ sí i mọ́.

Ẹ fún un ní ìbéèrè mẹ́rin yìí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, láìsí ẹ̀rọ ìṣirò:

1. Tí f(x) bá jẹ́ x² − 3x, kí ni [f(x + h) − f(x)] ÷ h?
2. √(x + 7) = x − 5. Wá x.
3. ln x + ln(x − 3) = ln 10. Wá x.
4. Láìwo ìwé, kí ni sin(π/6), cos(2π/3) àti tan(π/4)?

Ìdáhùn: 2x + h − 3, 9 nìkan, 5 nìkan, ½, −½ àti 1.

Ẹ jókòó tì í, kí ẹ máa wo bí ó ṣe ń kọ ọ́. Nínú ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹ ṣọ́ ibi tó ti máa tú (x + h)² sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ á kọ x² + h², wọ́n á sì máa lọ. 2xh ti sọnù nìyẹn. Ìdáhùn wọn á di h − 3, kò sì ní sí x kankan nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá ń ṣe èyí ní oṣù karùn-ún máa rí i pé gbogbo derivative tó bá fi ọ̀nà yìí wá ni kò tọ́ nígbà tó bá di oṣù kẹsàn-án.

Ìbéèrè kejì àti ìkẹta ní ìdẹkùn kan náà. Ọmọ á ní, "Dádì, mo gba 9 àti 2." Ẹ má tíì sọ pé kò tọ́. Ẹ ní, "Fi 2 padà síbẹ̀ kí n rí i." Apá òsì á di √9, ìyẹn 3. Apá ọ̀tún á di 2 − 5, ìyẹn −3. Ọmọ tó bá rí i fúnra rẹ̀ pé méjèèjì kò dọ́gba kò ní nílò kí ẹnì kankan tún un sọ. Nínú ìkẹta, −2 ló máa fẹ́ yọjú, bẹ́ẹ̀ kò sí logarithm fún nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo.

Òṣùwọ̀n tèmi rèé: ọmọ tó gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè ronú Calculus BC, èyí tó gbòòrò ju AB lọ. Ẹni tó gba mẹ́ta, AB. Ẹni tó gba méjì tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, kí ó fi ọlidé gígùn tún Algebra II àti Precalculus ṣe. Ọ̀fẹ́ ni Khan Academy, ìkànnì ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì tó fún iṣẹ́ yìí. Tí ọmọ kò bá tíì ṣe Precalculus, ẹ fi ìbéèrè ìkẹta àti ìkẹrin sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe Further Maths ní WAEC, ẹ ti bá differentiation àti integration pàdé, ẹ lè ràn án lọ́wọ́ gan-an. Ẹ ṣáà má sọ ọ́ di "nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ." Ọmọ kì í kọ́ nǹkan kan nínú ìyẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà inú ìbéèrè àkọ́kọ́, bíi x² + 4x. Tó bá kọ 2x + h + 4 láìdúró, ó ti wọ̀ ọ́ lára.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka ohun tí yunifásítì gbà

College Board ní ojú-ewé kan tí wọ́n ń pè ní AP Credit Policy Search. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wá lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lórí ìkànnì yunifásítì gan-an. Ẹ wá ìdáhùn sí ohun mẹ́ta: máàkì tí wọ́n ń gbà, kọ́ọ̀sì tí ó rọ́pò lọ́dọ̀ wọn, àti bóyá ẹ̀ka tí ọmọ fẹ́ wọ̀ gbà á.

Láti 1 dé 5 ni máàkì AP. Ní Texas àti Illinois, 3 ni òfin ìpínlẹ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n gbogbogbòò fún yunifásítì ìjọba. Ní MIT, 5 nínú BC máa fún ọmọ ní kírẹ́díìtì (ìyẹn ni pé wọ́n kà á sí pé ó ti ṣe kọ́ọ̀sì náà) fún 18.01, Calculus àkọ́kọ́ wọn; AB kò fún un ní nǹkan kan, ì báà gba 5. Ìdánwò kan náà, ìlẹ̀kùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun kejì nínú mẹ́ta yẹn ló ń mú èèyàn jù. Yunifásítì lè kọ ọ́ pé ọmọ ní kírẹ́díìtì mẹ́rin, kí inú gbogbo yín dùn, kó tó hàn pé àfikún lásán ni wọ́n kà á sí, kò rọ́pò Calculus tí ẹ̀ka rẹ̀ ń béèrè. Ọmọ á tún Calculus ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà kọ́ọ̀sì tí AP náà rọ́pò, kí ẹ lọ wò ó bóyá nọ́ńbà yẹn wà nínú ètò ọlọ́dún mẹ́rin ti ẹ̀ka ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń pe ọmọ ní "Dókítà" láti ọjọ́ ìkómọ, ọ̀rọ̀ yín tún yàtọ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan kì í gba AP dípò kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń béèrè; wọ́n fẹ́ rí máàkì ìṣirò tí ọmọ gbà ní yunifásítì. AP ṣì wúlò, torí ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ láti kọ́ọ̀sì tó ga sí i, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é nítorí pé ẹ fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò pátápátá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan, ẹ ní máàkì, nọ́ńbà kọ́ọ̀sì, àti bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ láti ẹ̀ka. Níbi tí ẹ kò bá ti rí ìkẹta, kí ọmọ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹ̀ka náà. Kí ọmọ kọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wá yan

*AB tàbí BC.* AB tó ìṣirò sẹ̀mẹ́sítà kan ní yunifásítì, BC sì tó méjì. Gbogbo ohun tó wà nínú AB ló wà nínú BC. BC wá fi integration by parts, parametric, polar, àti series títí dé ti Taylor lé e. Ẹni tó bá ṣe ìdánwò BC tún máa gba máàkì AB lọ́tọ̀ lórí ìwé èsì kan náà. Nítorí náà, níbi tí ilé-ìwé bá ti gba ọmọ láyè láti ti Precalculus bọ́ sí BC tààrà, tí ó sì gba ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìgbésẹ̀ kejì, kò sí ìdí tó fi yẹ kó lo ọdún méjì. Ìsáré ni ìṣòro BC. Ọmọ tó ní orin, bọ́ọ̀lù àti AP mẹ́ta mìíràn lọ́dún kan náà lè ní orí tó pé kó má sì ní àkókò. AB pẹ̀lú 5 dára ju BC pẹ̀lú 2 lọ, ẹnikẹ́ni tó bá sọ òdìkejì rẹ̀ kò tíì ka ojú-ewé kírẹ́díìtì.

*AP Statistics.* Ẹni tó ti ṣe Algebra II lè ṣe é. Ó bá nọ́ọ̀sì, sáíkọ́lọ́jì, ìlera gbogbo ènìyàn àti òwò mu gan-an, àwọn òbí wa sì máa ń fojú kéré rẹ̀ láìnídìí. Fún ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà, kí ó ṣe é pẹ̀lú Calculus. Kó má ṣe é dípò rẹ̀.

*Dual Enrollment.* Kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì gidi ni ọmọ ń ṣe, lọ́pọ̀ ìgbà ní community college, máàkì rẹ̀ sì ni kírẹ́díìtì rẹ̀: kò sí ìdánwò oṣù karùn-ún tí yóò pinnu rẹ̀. Èyí tù àwọn ọmọ tí ìdánwò ńlá máa ń dẹ́rù bà lára. Ó dáa fún ẹni tó ti parí BC ní gíréèdì 11 náà, torí ibẹ̀ ló ti lè rí multivariable calculus tàbí linear algebra. Àmọ́ ẹ fetí sí nǹkan mẹ́rin:

- Transcript kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í parẹ́. D tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún gbà máa tẹ̀ lé e. AMCAS, tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń gba fọ́ọ̀mù láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, máa béèrè transcript gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì tí èèyàn ti lọ, títí kan èyí tó ṣe ní háískùlù.
- Ẹ wo nọ́ńbà kọ́ọ̀sì. Ní Texas, MATH 1314 ni College Algebra, MATH 2413 ni Calculus I. Kírẹ́díìtì ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ẹnjiníà kì í sábà ka 1314 mọ́ oyè rẹ̀.
- Ọmọ lè ní láti ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé bíi ACCUPLACER, tàbí TSIA2 ní Texas. Ẹ béèrè ọjọ́ rẹ̀ kó tó kọjá.
- Lábẹ́ FERPA, òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì lè kọ̀ láti bá òbí sọ̀rọ̀ nípa máàkì ọmọ, bí kò tilẹ̀ tíì pé ọdún méjìdínlógún. Ìyá tó bá pe ọ̀jọ̀gbọ́n láti béèrè pé "báwo lọmọ mi ṣe ń ṣe" lè má rí ìdáhùn gbà.

Tí ọmọ bá ń fojú sí yunifásítì ìjọba ní California, ASSIST.org ló ń fi hàn bí kọ́ọ̀sì community college ṣe bá ti UC (University of California) àti CSU (California State University) mu.

*IB.* Kí ẹ wo orúkọ rẹ̀ dáadáa. Analysis and Approaches ni ti ẹnjiníà àti ìṣirò. Applications and Interpretation yàtọ̀ sí i. HL (Higher Level) ni ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ń fún ní kírẹ́díìtì, SL (Standard Level) ń ṣòro. Tí ọmọ bá ń ronú láti ka ẹnjiníà ní ìlú Ọba, Analysis and Approaches HL ló fi ọkàn balẹ̀ jù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kí ọmọ sọ nínú gbólóhùn méjì ìdí tí ó fi yan kíláàsì náà. Tí ohun tó sọ bá jẹ́ pé "àwọn ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀" tàbí "Mọ́mì ló ní kí n mú un," ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹta.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi sí ìwé, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀

Ẹ kọ̀wé sí kọ́ńsẹ́lọ̀ kí gbèdéke tó pé. Ẹ béèrè bóyá olùkọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, bóyá kíláàsì náà ń bọ̀ lóòótọ́ lọ́dún tó ń bọ̀ (nígbà míì wọ́n máa ń fagi lé e tí ọmọ kò bá pọ̀), àti ọjọ́ tí ọmọ lè fi jáde láìsí àmì lórí transcript. Àwọn ilé-ìwé kan ní fọ́ọ̀mù tí òbí fi lè ti ọmọ wọ kíláàsì tí olùkọ́ kò fọwọ́ sí. Ẹ ka ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà kí ẹ tó buwọ́ lù ú, torí ó lè sọ pé ọmọ kò ní lè jáde mọ́.

Kíláàsì AP àti ìdánwò AP, nǹkan méjì ni. Máàkì kíláàsì ló ń wọ GPA (ìpíndọ́gba máàkì ọmọ), ìdánwò ló ń mú kírẹ́díìtì wá. Ọmọ tó gba A nínú kíláàsì tí kò sì ṣe ìdánwò kò ní kírẹ́díìtì kankan. Lọ́pọ̀ ilé-ìwé, àárín oṣù kọkànlá ni ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò ń parí, ẹni tó bá pẹ́ á san owó ìtanràn. Ní 2025, $99 ni owó ìdánwò kan l'Amẹ́ríkà. Ìdínkù wà fún ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀. Ẹ má tijú, ẹ béèrè.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kíláàsì náà hàn lórí ètò ọmọ. Nígbà tó bá di oṣù kọkànlá, kí ó wọ àkáǹtì College Board rẹ̀ níwájú yín, kí ẹ rí orúkọ ìdánwò náà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́

Ẹ má dúró de káàdì èsì. Ẹ wo ìdánwò inú kíláàsì méjì àkọ́kọ́. Tí méjèèjì bá wà lábẹ́ C, kí ọmọ lọ bá olùkọ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, nígbà tí ààyè ṣì wà láti sún sí AB tàbí Statistics.

Ẹ̀rọ ìṣirò ni ohun mìíràn tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Ìbéèrè márùndínláàádọ́ta ni ìdánwò AP Calculus ní ní apá yíyan ìdáhùn, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n gbà kí ọmọ lo ẹ̀rọ tó ń ya gíráàfù fún. Nínú mẹ́fà tí ọmọ máa kọ fúnra rẹ̀, méjì ni. Ọmọ tó ń tẹ ẹ̀rọ kó tó ronú máa jókòó láìsí irinṣẹ́ fún èyí tó pọ̀ jù.

Àwọn ìbéèrè mẹ́fà yẹn tún ń béèrè ìdí. Kíkọ pé function ní relative maximum (ó ga ju àyíká rẹ̀ lọ) ní x = 3 kò tó; ọmọ gbọ́dọ̀ kọ pé f′, ìyẹn derivative rẹ̀, kúrò ní òkè òdo bọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ìṣirò nílé, ní Nàìjíríà, máa ń kọ́ wa láti dé ibi ìdáhùn kíákíá. Níbí, ìdáhùn tó tọ́ láìsí ìdí lè pàdánù máàkì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ìbéèrè àtẹ̀yìnwá àti bí wọ́n ṣe ń fún un ní máàkì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì College Board. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti oṣù kejì, kí ọmọ ṣe ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ jọ fi ìwé máàkì náà wò ó.

Ìgbésẹ̀ 7: Lẹ́yìn ìdánwò

Oṣù karùn-ún ni ìdánwò, oṣù keje ni èsì. College Board ń fi èsì ránṣẹ́ sí yunifásítì kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún tí ọmọ bá yan yunifásítì náà kí gbèdéke oṣù kẹfà tó pé. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ni.

Tí kírẹ́díìtì bá wọlé, ọmọ ṣì ní ìpinnu kan láti ṣe: ṣé kó lò ó kó bọ́ sí Calculus II, tàbí kó tún Calculus I ṣe? Kí ó wá ìdánwò àṣekágbá Calculus I ti yunifásítì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìṣirò ló ń gbé ti àtẹ̀yìnwá síta. Kí ó ṣe é láàárín àkókò tí wọ́n kọ sórí rẹ̀. Tó bá gba ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lo kírẹ́díìtì náà. Tí kò bá dé ìdajì, kí ó jókòó sí Calculus I, pàápàá tó bá jẹ́ ẹnjiníà ló fẹ́ ṣe. Tó bá wà láàárín méjèèjì, kí ó mú ìwé ìdánwò náà lọ bá olùdámọ̀ràn ẹ̀ka rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìgbaniwọlé, kí wọ́n jọ wo ibi tó ti kùnà, kó tó fi orúkọ sílẹ̀.